The Power of the Dog: Ṣé ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ kà ni, àbí fíìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkà ló gbà pé bí wọ́n bá ti sọ ìwé ìtàn àròsọ kan di fíìmù, ìwé ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ kà kí ó tó jókòó ti fíìmù. Ìmọ̀ràn náà bá ọ̀pọ̀ ìwé mu. Ṣùgbọ́n ní ti The Power of the Dog, èyí tí Thomas Savage kọ ní ọdún 1967, tí Jane Campion sì sọ di fíìmù ní ọdún 2021, èrò tèmi ni pé fíìmù ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ sì wá ka ìwé náà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni láti gbé ìwé àti fíìmù náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí n fi ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní hàn, kí ẹni tó ń ronú èyí tí yóò fi àkókò rẹ̀ fún lè yan èyí tó bá a lára mu. N kò ní sọ bí ìtàn náà ṣe parí, nítorí pé ìparí yẹn ni ó dára jù nínú méjèèjì, ẹni tí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ fún ti pàdánù ohun tí kò lè rí gbà padà mọ́.

Ìtàn kan náà ni ìwé àti fíìmù ń sọ. Ọdún 1925 ni, ní ìpínlẹ̀ Montana ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Phil àti George Burbank, ni wọ́n jọ ń bójú tó ilẹ̀ ìsìn màlúù ńlá tí àwọn òbí wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Phil ti pé ẹni ogójì ọdún nínú ìwé, síbẹ̀ yàrá tí òun àti àbúrò rẹ̀ ti ń sùn láti kékeré ni wọ́n ṣì jọ ń sùn. Phil mọ̀wé, ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lóríṣiríṣi, ẹnu rẹ̀ sì mú. George kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sanra, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti sọ sísanra náà di orúkọ ẹ̀sín tó fi ń pè é. Lọ́jọ́ kan, láìsọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, George fẹ́ Rose Gordon, opó kan tó ní ilé oúnjẹ ní ìlú kékeré tó wà nítòsí. Rose ní ọmọkùnrin kan, Peter, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fi bébà ṣe òdòdó, tó sì fẹ́ di dókítà oníṣẹ́ abẹ. Phil pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí obìnrin náà gbádùn ilé àwọn.

Ẹni tó bá dàgbà pẹ̀lú fíìmù kábọ́ọ̀yì yóò máa retí ìbọn. Kí ó má retí rẹ̀. Ẹṣin wà níbẹ̀, màlúù wà níbẹ̀, fìlà gbòòrò àti òkè gíga wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró sí àárín títì láti yìnbọn fún ọ̀tá rẹ̀. Inú ọkàn ni ogun náà ti ń jà: kí ẹnìkan mọ ibi tí ara ti ń dun ẹnìkejì, kí ó sì máa tẹ ibẹ̀ lójoojúmọ́ láìfọwọ́ kàn án. Ìṣòro tó wà níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ di fíìmù nìyẹn, torí òǹkọ̀wé lè wọ inú ọkàn ènìyàn kí ó sì ròyìn ohun tó bá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àti ọwọ́ ènìyàn nìkan ni kámẹ́rà lè rí.

Ẹnu ọ̀nà méjì sí ìtàn kan

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù lọ wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé Savage, Phil ni a bá pàdé, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó ń tẹ àwọn akọ màlúù lọ́dàá. Kò pẹ́ tí a fi mọ irú ènìyàn tó jẹ́, pé ọwọ́ rẹ̀ yá, pé nǹkan kì í rí i lára, pé ó sì ń fojú kéré ẹni tí nǹkan bá ń rí lára. Láti ibẹ̀ lọ ni olùsọ̀tàn ti ń wọ inú ọkàn rẹ̀, tó sì ń jáde bó ti wù ú. Ó ń sọ ohun tí Phil kórìíra fún wa, ó ń sọ ìdí tó fi kórìíra rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí a fura díẹ̀díẹ̀ sí àṣírí kan tí Phil ti ń tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó so mọ́ Bronco Henry, ògbólógbòó darandaran tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí òǹkàwé bá fi máa ka ìdajì ìwé náà, ó ti mọ Phil ju bí Phil ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ òun lọ.

Campion kò gba ọ̀nà yẹn. Ohùn Peter ni a kọ́kọ́ gbọ́ nínú fíìmù rẹ̀, kí a tó rí ojú Peter rárá. Ó ní lẹ́yìn tí bàbá òun kú, kò sí ohun tí òun fẹ́ ju ìdùnnú ìyá òun lọ, ó sì béèrè irú ọkùnrin tí òun yóò jẹ́ bí òun kò bá ran ìyá òun lọ́wọ́. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni. Lẹ́yìn náà, màlúù àti eruku gba gbogbo ojú àwòrán, Phil wọlé pẹ̀lú bàtà gígùn rẹ̀, ojú wa sì kúrò lára ọmọ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ohun tí Campion ṣe sí ìwé yìí, èyí ni mo gbà pé ó gbọ́n jù. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé wa lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé a ó gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ wa.

Ibí yìí gan-an ni ìmọ̀ràn mi ti wá. Ẹni tó bá ti ka ìwé kò lè wo fíìmù náà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tí Benedict Cumberbatch, tó ṣe Phil, bá dákẹ́ tí ó sì wo ọ̀nà jíjìn, òǹkàwé ti mọ ohun tó ń rò, nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni olùdarí fẹ́ kí a jókòó kí a sì máa wá a fúnra wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ wo fíìmù kò pàdánù ohunkóhun nínú ìwé. Yóò mọ ibi tí ìtàn ń lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agbára ìwé Savage kò sí nínú ìyàlẹ́nu nìkan. Ó wà nínú bí ó ti ń ṣe àlàyé ènìyàn, àlàyé ènìyàn sì máa ń dùn kà sí i nígbà tí a bá ti rí ènìyàn náà lójú ara wa tí a kò sì mọ ohun tí a ó fi í pè.

Ẹ wo ibi tí wọ́n fi ẹsẹ Bíbélì tó fún ìtàn náà ní orúkọ sí. Sáàmù 22, ẹsẹ 20, ni orúkọ náà ti wá, níbi tí ẹni tó ń gbàdúrà ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ idà, kí ó sì gba olólùfẹ́ òun lọ́wọ́ agbára ajá. Savage kọ ẹsẹ yìí sí iwájú ìwé, kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí náà òǹkàwé ń bá ìbéèrè kan wọlé: ta ni ajá, ta sì ni ẹni tí wọ́n ń gbà là? Campion dá ẹsẹ náà dúró títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ níbẹ̀, ìdáhùn ni yóò dà bí.

Bàbá Peter

Ìyípadà tó wúwo jù tí Campion ṣe ni pé ó mú ọkùnrin kan kúrò. Nínú ìwé, Johnny Gordon, ọkọ àkọ́kọ́ tí Rose fẹ́, wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ojú ewé. Dókítà ni, oníwà pẹ̀lẹ́, ẹni tí nǹkan kò lọ déédéé fún, tí ọtí sì ń borí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Phil dójú tì í ní gbangba níwájú àwọn ènìyàn, Johnny kò sì bọ́ nínú ìtìjú náà títí tó fi pa ara rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ni èyí ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà n kò tú àṣírí kankan. Nígbà tí Rose bá wá wọ ilé Burbank gẹ́gẹ́ bí ìyàwó George, òǹkàwé ti mọ ohun tó wà láàárín ilé méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé George kò mọ̀ ọ́n.

Nínú fíìmù, a kò rí Johnny rí. Opó ni Rose láti ìgbà tí a ti kọ́kọ́ rí i. Ibojì ọkọ rẹ̀ ni a rí, a sì gbọ́ nípa ikú rẹ̀ lẹ́nu Peter ní gbólóhùn kúkúrú, pẹ̀lú ohùn tí kò yí padà. Phil kò lọ́wọ́ nínú ikú náà.

Èwo ló dára jù? Mo ti ronú lé e lórí dáadáa, ibi tí mo sì dúró sí ni pé ìwé dára jù fún ẹni tó fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀, fíìmù sì dára jù fún ẹni tó fẹ́ kí nǹkan bà á lẹ́rù. Ìwé fún Phil ní gbèsè kan tí a mọ̀ pé ó jẹ, gbogbo ohun tó bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni òǹkàwé yóò máa wọ̀n pẹ̀lú gbèsè yẹn. Fíìmù pa gbèsè náà rẹ́. Ohun tó kù ni ọmọ kan, ìyá rẹ̀ tó ń bàjẹ́ lójú rẹ̀, àti ọkùnrin tó ń bà á jẹ́. Peter inú fíìmù ṣòro láti mọ̀ ju Peter inú ìwé lọ, Kodi Smit-McPhee tó ṣe é sì mọ̀ bẹ́ẹ̀: ojú rẹ̀ kì í sọ púpọ̀, ìrìn rẹ̀ nìkan ni a lè máa kà.

Òfò kan wà níbẹ̀ ṣá. Johnny jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn tí Savage fi ìfẹ́ kọ jù, ọ̀rọ̀ tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ nípa inú rere, pé kí ènìyàn máa mú ohun ìdíwọ́ kúrò lọ́nà àwọn tó nílò rẹ̀, sì jẹ́ òpó kan nínú ìwé náà. Fíìmù gbé ìyókù ọ̀rọ̀ yìí sí Peter lẹ́nu, ní ìparí, nígbà tó ń bá Phil sọ̀rọ̀. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá fúnra rẹ̀ yóò mọ bí ọ̀rọ̀ rere ti lè dé etí ọmọ kí ó sì di nǹkan mìíràn.

Dùùrù àti bánjò

Bí ẹnìkan bá ní kí n fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ bí wọ́n ṣe ń sọ ìwé di fíìmù, eléyìí ni n ó mú. George ra dùùrù fún Rose, nítorí ó mọ̀ pé ó máa ń tẹ dùùrù ní ilé sinimá ní ìgbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn. Gómìnà ń bọ̀ wá jẹun nílé wọn, George sì fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tẹ dùùrù fún àlejò. Rose jókòó láti fi orin kan dánra wò, orin ìyan ológun kan tí Johann Strauss àgbà kọ ní ọdún 1848, tí wọ́n ń pè ní Radetzky March. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣìṣe. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nínú yàrá tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀, bánjò Phil, ohun èlò orin olókùn kan, bẹ̀rẹ̀ sí í dún, orin kan náà ni. Rose dúró, bánjò dúró. Rose tún tẹ̀ ẹ́. Bánjò tún tẹ̀ lé e, ó yára jù ú lọ, ó mọ́ jù ú lọ, ó sì parí ibi tí Rose kò lè parí. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Kámẹ́rà ń lọ sọ́dọ̀ Rose, ó ń wo òkè àtẹ̀gùn, nígbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá sì parí, a mọ̀ pé obìnrin yìí kò ní lè tẹ dùùrù níwájú gómìnà láéláé.

Nínú ìwé pẹ̀lú, Phil ń fi bánjò fi Rose ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lórí ìwé, a ní láti gbà á gbọ́ pé bánjò náà dára ju dùùrù lọ, òǹkọ̀wé sì ní láti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú Rose fún wa. Nínú fíìmù, etí ara wa ló ń ṣe ìdájọ́, ìdájọ́ yẹn sì burú, torí a gbọ́ pé òótọ́ ni pé Phil mọ̀ ọ́n jù ú lọ, àwa náà sì ti di ara àwọn tó dójú ti Rose. Cumberbatch kọ́ bánjò títa nítorí iṣẹ́ yìí, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun okùn awọ, ó sì yàn láti má bá Kirsten Dunst, tó ṣe Rose, sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, kí àjèjì tó wà láàárín wọn lè jẹ́ òtítọ́. Jonny Greenwood tó ṣe orin fíìmù náà tilẹ̀ ta sẹ́lò, ohun èlò orin olókùn mìíràn tó tóbi, bí ẹni ta bánjò, kí ohùn Phil lè máa tẹ̀lé wa káàkiri ilé nígbà tí Phil kò bá sí nítòsí pàápàá.

Níbi ọtí, ìwé ló borí. Rose di ọ̀mùtí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n fíìmù yára mú un débẹ̀, Dunst sì ní láti fi ojú àti ẹsẹ̀ tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ ṣe gbogbo rẹ̀. Savage fi sùúrù fi hàn bí ẹ̀rù ṣe ń di orí fífọ́, bí orí fífọ́ ṣe ń di ìgò tí a fi pamọ́, àti bí obìnrin kan ṣe ń gbọ́ ìṣísẹ̀ ní ilé tirẹ̀ tí ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bí Rose bá jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ mọ̀, ìwé ni kí ẹ mú.

Ilẹ̀ tí a kọ, ilẹ̀ tí a yà

Savage mọ Montana. Ọmọdé ni nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkọ mìíràn láti inú ìdílé olówó tó ń sin màlúù níbẹ̀, arákùnrin ọkọ ìyá rẹ̀ yìí ni ó sì wò tó fi kọ Phil. Ohun tó ń kọ nípa òtútù, nípa bí wọ́n ṣe ń da màlúù lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin, nípa bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń jókòó ní ibùsùn wọn ní ọjọ́ Ìsinmi tí kò sí ibi tí wọ́n lè lọ, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni.

Campion kò ya fíìmù rẹ̀ ní Montana. Orílẹ̀-èdè rẹ̀, New Zealand, ni ó ti yà á, ní àgbègbè Otago ní Erékùṣù Gúúsù, níbi tí koríko ti gbẹ tí òkè sì lọ́ bí aṣọ. Àwọn kan ka èyí sí àléébù. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìtàn náà kò fi bẹ́ẹ̀ nílò Montana tòótọ́ bí kò ṣe ilẹ̀ tó tóbi jù fún àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Ari Wegner, obìnrin tó di kámẹ́rà mú, lo nǹkan bí ọdún kan pẹ̀lú Campion láti fi múra sílẹ̀, èrè rẹ̀ sì hàn. Ẹ ṣọ́ òkè tó wà níwájú ilé náà. Phil rí ohun kan lára òkè yẹn tí àwọn yòókù kò rí, ẹni tó bá sì tún rí i ni ó kà sí ẹni tó tó bá sọ̀rọ̀. Ìwé sọ ohun náà fún òǹkàwé kíákíá. Fíìmù kàn ń fi òkè náà hàn wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nínú oòrùn, nínú òjìji, láìtọ́ka sí ohunkóhun, bí ojú wa bá sì là tó, àwa náà yóò rí i. Nítorí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wò ó lórí fóònù. Ojú àwòrán tó fẹ̀ ló tọ́ sí i, nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ jù.

Ohun tí ìwé nìkan ní

Orí kan wà nínú ìwé tí mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù náà kò gbọ́dọ̀ má kà. Edward Nappo, ọmọ olóyè kan nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, mú ọmọkùnrin rẹ̀ kúrò ní àgọ́ tí ìjọba kó àwọn ènìyàn wọn lọ, ó fẹ́ fi ilẹ̀ baba ńlá rẹ̀ hàn án. Ìrìn àjò náà gùn, ọmọ náà ń béèrè ọ̀rọ̀, bàbá ń dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga, a sì ti mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ Burbank, pé Phil ni yóò pàdé wọn. Fíìmù gé èyí kù sí ìwọ̀nba, ó sì fi Rose ṣe ojú rẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀: fíìmù wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ kò lè yà kúrò lọ́nà pẹ̀lú àwọn méjì tí kò ní padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n orí yẹn ló jẹ́ kí a mọ̀ pé ìkà Phil kò bẹ̀rẹ̀ láti ara Phil nìkan, pé ilẹ̀ tó dúró lé lórí ní ìtàn tirẹ̀.

Ìwé tún ní àwọn òbí Burbank, tí wọ́n ti fi ilé ìsìn màlúù sílẹ̀ tí wọ́n ń gbé ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Salt Lake City. Nínú fíìmù wọ́n wá jẹun, wọ́n sì lọ.

Ohun tí fíìmù nìkan ní kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní ti ìṣẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ní ti ara: awọ màlúù tútù nínú omi, ọwọ́ tó ń hun okùn, eruku lára ọkùnrin tí kò fẹ́ wẹ̀. Wọ́n yan fíìmù náà fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní ọ̀nà 12, mẹ́rin nínú wọn fún àwọn òṣèré, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì gbà, ti olùdarí. Bí ẹ bá ti rí bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ ènìyàn sọ ìtàn nínú rẹ̀, yóò yé yín ìdí tó fi jẹ́ olùdarí ni wọ́n fún.

Ta ni kí ó mú èwo?

Bí ẹ bá ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, fíìmù ni. Bí ẹ bá ní sùúrù fún nǹkan bí 300 ojú ewé, tí ẹ sì fẹ́ràn òǹkọ̀wé tó ń dá sí ọ̀rọ̀, tó ń sọ ìtàn ìdílé ẹni kí ó tó jẹ́ kí ẹni náà lanu, ẹ ka ìwé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn fíìmù. Ẹni tí fíìmù tó ń falẹ̀ máa ń sú lè yí ètò náà padà, nítorí ìwé ń sáré ju fíìmù lọ. Ìbínú ń jó lábẹ́ ọ̀rọ̀ Savage láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí kí wọ́n mọ̀ pé méjèèjì kì í ṣe ti ọmọdé: wọ́n ń tẹ ẹran lọ́dàá lójú wa, ìhòòhò wà nínú fíìmù, ọ̀rọ̀ pípa ara ẹni sì wà nínú méjèèjì.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé eré fíìmù láti inú ìtàn àròsọ kò ní yíyàn. Kí ó mú méjèèjì, kí ó fi bírò sàmì sí ibi tí Savage ti kọ ohun tí ẹnìkan ń rò, kí ó sì wá wo ohun tí Campion fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun kan tí a lè fọwọ́ kàn ni: òdòdó bébà tí Phil ti iná bọ̀ láti fi tan sìgá lórí tábìlì oúnjẹ, gàárì òkú ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń fi epo pa, okùn tí kò tíì parí. Ohun méjì ni kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ máa bi ara rẹ̀: ṣé nǹkan yìí ti wà nínú ìwé, bí ó bá sì wà níbẹ̀, kí ló ń ṣe níbẹ̀ tí kò ṣe nínú fíìmù?

Àwọn ìwé tí ìdáhùn wọn yàtọ̀

Kí ẹnikẹ́ni má mú ìmọ̀ràn yìí lọ sí ibi tí kò bá a mu. True Grit tí Charles Portis kọ ní ọdún 1968 jẹ́ ìtàn ìwọ̀-oòrùn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, láìṣiyèméjì. Mattie Ross, arúgbó obìnrin kan, ló ń sọ bí òun ṣe lọ gbẹ̀san ikú bàbá òun nígbà tí òun wà ní ọmọ ọdún 14, ohùn rẹ̀ tó le, tó tọ́, tí kò gba ìranù, ni ìwé náà gan-an. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo fíìmù yóò gba ojú òṣèré rọ́pò ohùn yẹn. Méjì ni fíìmù rẹ̀. Èyí tí Henry Hathaway darí ní ọdún 1969 ló fún John Wayne ní Oscar, ó sì dùn wò, ṣùgbọ́n ó yí ìparí padà, ọ̀dọ́bìnrin tó ti lé ní 20 ọdún, Kim Darby, ló sì ṣe Mattie. Èyí tí Joel àti Ethan Coen ṣe ní ọdún 2010 lo Hailee Steinfeld, tó jẹ́ ọmọdé ní tòótọ́, ó sì jẹ́ kí arúgbó Mattie sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ìwé, lẹ́yìn náà ti 2010. Ti 1969 lè dúró títí àyè yóò fi gbà yín.

Ní ti No Country for Old Men, ìwé Cormac McCarthy ti 2005 àti fíìmù àwọn Coen kan náà ti 2007, ètò kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan. McCarthy kọ́kọ́ rò ó gẹ́gẹ́ bí ìwé eré fíìmù kí ó tó sọ ọ́ di ìtàn àròsọ, ó sì hàn lára gbólóhùn rẹ̀, tí ó jẹ́ ìṣe lórí ìṣe. Ohun kan ṣoṣo tí òǹkàwé ní tí òǹwòran kò ní tó ni ọ̀rọ̀ àgbà ọlọ́pàá nì, Bell, tó ń dá ronú káàkiri ìwé. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni fíìmù mú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ìwé Savage fún ọ̀rọ̀ kan tó kan ẹni tó fẹ́ rà á. Ìwé náà kò tà púpọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ jáde, ìgbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní ọdún 2001 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ̀ ọ́n, òǹkọ̀wé Annie Proulx sì kọ ọ̀rọ̀ ìparí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀dà tó ní ọ̀rọ̀ ìparí yìí ni kí ẹ wá, nítorí ó sọ irú ìdílé tí Savage ti jáde wá àti ìdí tí ìwé náà fi pẹ́ kí ó tó rí òǹkàwé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ o. Proulx sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gbà pé ẹ ti ka ìwé tán, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.